Ojú Wẹ́dà: Àkọsílẹ̀ Bàbá Kan ní Iléṣà Tí Ọmọ Rẹ̀ Kú Sínú

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ló ní kí ọkùnrin yìí wá rí mi. Láàárín oṣù méjì, ó ti wá sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, iná wẹ́dìn ló sì jó o lójú ní gbogbo ìgbà tó wá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wẹ́dà mọ ohun tí mò ń wí. Iná irin kì í dun ojú lójú ẹsẹ̀. Èèyàn á ṣiṣẹ́ tán, á jẹun, á sùn, ó di bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Omi á máa dà lójú rẹ̀, kò sì ní lè wo ìmọ́lẹ̀. Bí kò bá tún sún mọ́ iná, ọjọ́ kan sí méjì ni yóò fi san. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó sábà máa ń ṣe, torí wọn kò tíì mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn gbé gíláàsì bojú. Ọkùnrin yìí ti ń jó irin fún ọdún 16, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì bi í pé gíláàsì yín dà. Ó ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bi í pé kí ló dé tí ẹ kì í lò ó. Kò dáhùn. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá bi í bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé, ó ní, "Ìyàwó mi bímọ, ọmọ ò sí," ó sì dìde.

Òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ni mí ní ilé ìwòsàn. Wẹ́lífíà ni àwọn èèyàn ń pè wá. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sílẹ̀ torí ó pẹ́ tí mo ti ń rí i pé bí ọmọ bá kú sínú, a máa ń tọ́jú ìyá (kò tó, ṣùgbọ́n a ń gbìyànjú), bàbá ni a ó sì máa rán níṣẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà kí n kọ ọ́. Mo ti yí àwọn ohun tí aládùúgbò lè fi dá wọn mọ̀ padà, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n bímọ sí. Ọ̀gá ni màá máa pè é, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọmọ ọdún 39 ni Ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní apá Bọ́lọ́rundúró ní Iléṣà, géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe jù. Ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ òkìrìká ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti fẹ́ra. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wọ́n sì gbé ìyẹn mọ́ra, torí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ síta lọ: nínú oyún mẹ́wàá tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, ó kéré tán, ọ̀kan máa ń wálẹ̀. Èkejì yìí dúró. Ọ̀gá tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ ṣe síkáànì lẹ́ẹ̀mejì, ó rí ọkàn ọmọ tó ń lù lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì sọ fún un pé ọkùnrin ni. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Ìkókó. Ó máa ń bínú sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn.

Oyún pé ọ̀sẹ̀ 35. Ní Ọjọ́bọ̀, orí ń fọ́ ìyàwó. Ọ̀gá ní kó lo Paracetamol, kó sinmi. Òun ní géètì ńlá kan lọ́wọ́ tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà onílé lọ́jọ́ Àìkú, torí wọ́n fẹ́ ṣí ilé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ojú àti ọwọ́ ìyàwó wú, òrùka kò yọ mọ́. Lóru Sátidé, inú rẹ̀ le gbagidi, kò rọ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọkọ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi gbé e. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 190/120, ó ga kọjá àlà. Ibi ọmọ ti já kúrò lára ilé ọmọ ṣáájú àsìkò, ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún máa ń fà nígbà mìíràn nìyẹn, wọn kò sì gbọ́ ọkàn ọmọ mọ́. Wọ́n gún ìyá ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate kí gìrì má baà mú un, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ó mú un rọbí.

Níbo ni Ọ̀gá wà ní gbogbo àkókò yìí? Ẹsẹ̀ ni a máa ń lò lára ọkùnrin tó bá gbé aboyún wá. Lọ ra abẹ́rẹ́ yìí. Gbé èyí lọ sí láàbù. Lọ wá ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì. Lọ sanwó, kí o mú rìsíìtì wá. Nígbà tí ọmọ jáde, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, iwájú oníPOS ló wà, ó ń dúró kí owó wọlé. Bó ṣe padà dé, dókítà sọ fún un pé, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyá wà láàyè." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméǹtì, ó dúpẹ́. Ó sọ fún mi pé ọpẹ́ náà ti inú òun wá, pé òun kò díbọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dìde nílẹ̀, kò sí ẹni tó tún bá a sọ̀rọ̀ ọmọ àyàfi ẹni tó gbé ìwé wá pé kó buwọ́ lù ú: ṣé ẹ ó gbé e lọ ni, àbí kí àwa bá yín sin ín? Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ní a kì í gbé òkú ọ̀fọ̀ wálé, kó fi sílẹ̀ fún wọn. Ó buwọ́ lù ú. Kò rí ọmọ. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ọ̀rá dúdú kan lé e lọ́wọ́. Ibi ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Láàárín wa, bàbá ló máa ń sin ibi, inú ọgbà ilé ni, kí ajá má baà hú u, kí ẹni burúkú má sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n fún un bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo bàbá. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sin ín, ó fọ ọwọ́, ó kó aṣọ tí wọ́n ní kó mú wá fún ìyàwó, ó padà sí ilé ìwòsàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin kí èmi tó gbọ́.

Bí wọ́n ṣe kí i

Ìyàwó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn nígbà tí Ọ̀gá ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Géètì onílé kò tíì lọ, owó sì ti tán. ₦280,000 ló yá ní kọpọréètì, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó tún pè é ní Bàbá Ìkókó.

Nígbà tí ìyàwó délé, àwọn èèyàn wá, ìfẹ́ ló sì gbé wọn wá. Wọ́n á bá Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó ńkọ́?" wọ́n á sì kọjá sínú yàrá. Bí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á ní kó tọ́jú ìyàwó dáadáa, kó má jẹ́ kó máa ronú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹnìkan á sọ ọ́, ẹnìkejì á ṣe àmín. Pásítọ̀ sọ ọ́, ìyá rẹ̀ sọ ọ́, oníbàárà tó wá gba irin fèrèsé náà sọ ọ́. N kò ní bá àwọn àgbà jà lórí òwe yìí. Ọpẹ́ gidi ló wà nínú rẹ̀, torí obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 190/120 tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ lè bá ọmọ lọ lóru kan náà. Ohun tí Ọ̀gá sọ fún mi rèé: "Mà, gbogbo wọn ló ń yẹ agbè wò. Kò burú. Ṣùgbọ́n èmi ni òùngbẹ ń gbẹ."

Kí ló dé tí òun náà kò sọ ọ́ fún wọn? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní, "Ọkùnrin ni ẹ́, ṣe gírí." Ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó di í lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí wọ́n ń dá ìyàwó sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lo oògùn ìfúnpá, kí ọkọ sì rí i pé kò ronú. Ọ̀gá gbà pé bí ìyàwó bá rí ẹkún òun, ìfúnpá rẹ̀ á tún lọ sókè, yóò sì kú. Ó ń pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó ń lo oògùn lásìkò. Ìyàwó, ní tirẹ̀, ń wo ọkùnrin tí kò sunkún lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà pé òun ló ń dá lẹ́bi.

Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Kenneth Doka, kọ ìwé ní 1989 lórí irú ọ̀fọ̀ tí àwùjọ kò gbà pé ẹni tó ń ṣe é ní ẹ̀tọ́ sí i: kò sí ìkíni fún un, kò sí ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kò sí ẹni tí yóò ní kó jókòó sílé. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ilé ìwé. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni mo ti rí bó ṣe ń rìn.

Lọ́jọ́ kẹfà ni iná kọ́kọ́ jó o lójú. Ó jí lóru, ojú ń ta á, kò lè là á. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní omi ọyàn ni wọ́n ń kán sí ojú wẹ́dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é: kòkòrò àrùn lè bá a wọ inú ojú tó ti bó, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbà lọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, lóru ọjọ́ yẹn, omi ọyàn wà. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbímọ ni omi ọyàn máa ń dé, ọmọ wà o, ọmọ kò sí o, kò sì sí ẹni tó kìlọ̀ fún ìyàwó kó tó kúrò ní ilé ìwòsàn pé yóò dé, tàbí tó sọ ohun tó lè ṣe kó tó gbẹ. Ọyàn rẹ̀ ti wú, ó ń ro ó. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó fún ọyàn sí i lójú. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní òun kò mọ èyí tó jẹ́ ti iná mọ́ nínú omi tó ń dà lójú òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀gá ti mọ orúkọ tí yóò sọ ọmọ náà láti ọjọ́ síkáànì àkọ́kọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń retí kí ẹnìkan rántí ọjọ́. Ẹnikẹ́ni kò rántí, tàbí kí wọ́n rántí kí wọ́n máa yẹra fún un, èyí tí mo rò pé ó jẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó lọ sí ìdí oníparaga ní gáréèjì. Orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù ló sùn mọ́jú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn síbẹ̀, ó ń sọ nílé pé iṣẹ́ pọ̀.

Bí a ṣe bá a sọ̀rọ̀

Ìgbà tó kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì mi, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni mà. Kò sí wàhálà mà. A dúpẹ́ mà. Mo ka ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò fún un, ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Tábìlì wà láàárín wa, mo tó àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀ka wa gàdàgbà sára ilẹ̀kùn kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á. Ọkùnrin wo ni yóò sọ inú rẹ̀ níbẹ̀?

Mo gbàyè lọ́dọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì fún mi lábẹ́ igi, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́: àwọn ọkùnrin tí mo ti bá pàdé nínú iṣẹ́ yìí kì í lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójúkojú. Bí ọwọ́ wọn bá ń ṣe nǹkan, tí ojú wọn sì wà lára nǹkan ọ̀hún, ẹnu wọn á là díẹ̀díẹ̀. A sọ̀rọ̀ owó irin. A sọ̀rọ̀ iná NEPA. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" ó ní a dúpẹ́. Ó ṣe díẹ̀, mo bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ sọ ọ́?"

Ó pa ẹ̀rọ. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ jẹun, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò sì tíì lù. Ó sọ orúkọ náà fún mi, ó sọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ nínú ìdílé wọn, bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gbé aṣọ kiri ní gbèsè, tí yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó, òṣómàáló pọ́ńbélé. Ó sọ̀rọ̀ bàbá àgbà yẹn títí. Lẹ́yìn náà ló sunkún. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, tiwọn ni.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìyókù ń jáde. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé gíláàsì sílẹ̀. Bí ojú òun bá pọ́n tí omi ń dà, ẹni tó bá rí òun á ní iná ni, á ní ẹ pẹ̀lẹ́, á sì kọjá. Mo bi í tààrà bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti pa ara rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù láti bi èèyàn. Ìbéèrè kì í kó o sí wọn lọ́kàn. Ó ní rárá. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n tí gáàsì bá bú, kó bú." Ìyẹn tó láti bà mí lẹ́rù. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àrọwà, ó gbà kí dókítà ọpọlọ rí òun. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kí ó dín ọtí kù, kí a máa bá ìjókòó wa lọ, òun náà yóò sì máa rí i lóṣooṣù. Ní ọjọ́ yẹn ni mo tún ka ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn fún un, ìdáhùn rẹ̀ kò rí bí ti àkọ́kọ́ rárá.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ káàdì ìyàwó rẹ̀ jáde lápò. Ó ti ká a, ó ti ń ya. Ó fi ìka sí lẹ́tà mẹ́ta kan, FSB, ó ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn agbẹ̀bí a máa kọ ọ́ fún ọmọ tó kú láìpẹ́ kí wọ́n tó bí i, tí awọ ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. MSB ni wọ́n ń kọ fún èyí tó ti kú sínú tipẹ́. Mo ronú bóyá kí n sọ pé n kò mọ̀. Ọ̀gá ti ń tu ara rẹ̀ nínú pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti lọ kí orí fífọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "A jẹ́ pé nígbà tí mo ní kó lo Paracetamol, ó wà láàyè."

Ohun tí ó yá lẹ́nu ni kí a sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, àmúwá Ọlọ́run ni. Mo pe agbẹ̀bí àgbà kan tí mo fọkàn tán, òun ló bá a jókòó. Kò purọ́ fún un. Ó ní bí wọ́n bá ti wá ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wọn ìfúnpá, kí wọ́n rí i, kí wọ́n tètè gbẹ̀bí. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ibi já bákan náà, torí wákàtí díẹ̀ ló máa ń gbà. Ó fi hàn án nínú káàdì pé ìfúnpá ìyàwó dára, 120/80, nígbà tó lọ sí kíníìkì gbẹ̀yìn. Ó wá bi í pé: ta ló sọ fún yín rí pé bí orí bá ń fọ́ aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù márùn-ún, tí kò lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́? Ó ní kò sí. Òótọ́ ni. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òwúrọ̀ ní kíníìkì aboyún ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àwọn obìnrin á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọkọ á dúró nídìí ọ̀kadà níta. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí káàdì tí ìyá fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà, ní nǹkan bí ọdún 1956 lọ sókè, tí gbogbo ayé sì wá gbà á lò. A gbà nígbà yẹn pé ìyá tí kò mọ̀wé lè di ìmọ̀ ìlera ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́. Mi ò rí ìdí tí a kò fi lè gbà bẹ́ẹ̀ fún bàbá.

Inú bí Ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ó ń pariwo, inú mi sì dùn sí ìbínú náà. Fún oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ nìkan ló ti ń bínú sí.

Níwájú ìyàwó

Mo ti ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì gbà, a jọ jókòó nílé wọn. Ó kọ́kọ́ le. Ìyàwó ní, "Ẹ ò sunkún ọmọ mi." Ọ̀gá wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní òun sin ibi rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Ìyàwó kò mọ̀. Ó ti gbà pé wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ nù ní ilé ìwòsàn, pé kò sí ohun kankan tó kù lára ọmọ náà níbì kankan. Ó ní kó mú òun lọ síbẹ̀. Wọ́n lọ, èmi dúró nínú ilé. Mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ní ti ọmọ gan-an, mo ti bá wọn wádìí: ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń sin wọ́n sí, ṣùgbọ́n kò sí àmì, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ojú ibi tó wà. Mo sọ ìyẹn fún wọn bó ṣe rí. Ohun tí mo rí gbà fún wọn ni ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yàrá ìrọbí: ọkùnrin, kìlógíráàmù 2.2, aago 4:50 ìdájí. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n irin sí.

Ó fẹ́ fi irin ṣe ọgbà kékeré yí ibẹ̀ ká. Ìyá rẹ̀, tó wá láti Ìbòkun, kò gbà rárá. Ó ní a kì í sàmì sí irú ibẹ̀, a kì í pe ikú padà wá wo ojú ọ̀nà. Èmi ì bá fẹ́ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti sin ọmọ mẹ́ta nínú àwọn tó bí, ó ń fi ohun tó mọ̀ dáàbò bo ọmọ rẹ̀ tó kù, n kò sì rí ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìsí àmì. Ọ̀gá kàn ní kí ẹnikẹ́ni má da omi ọṣẹ síbẹ̀ mọ́.

Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù kò ti ọwọ́ mi wá. Nínú ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà, bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, wọ́n á dáwó, wọ́n á bá a lọ síbi òkú. Ti ọmọ tó kú sínú kò sí nínú òfin wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń wo ojú Ọ̀gá tipẹ́ (wẹ́dà ni òun náà, kò ṣeé tàn pé iná ni). Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ fún un pé méjì lọ bẹ́ẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ kí òun tó bí àwọn tó wà, àti pé òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà ìpàdé oṣù, ó dìde, ó ní ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọmọ rẹ̀ kú. Wọ́n dìde dúró, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dá owó díẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló tún wá bá Ọ̀gá lẹ́yìn ìpàdé láti sọ tiwọn fún un. Ọ̀gá ní òun kò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ó ti padà sùn sílé. Iná kò tún jó o lójú láti ìgbà náà. Ó ṣì ń dé ìdí oníparaga lọ́jọ́ Sátidé; ó dín kù, kò tán. Òun àti ìyàwó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù láti sún mọ́ ọn, kó má baà tún lóyún kó sì kú. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìsọkúsọ: ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún ṣe é. Dókítà ti ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì pé wọ́n á kọ́kọ́ rí i pé ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa, wọ́n á máa fètò sí ọmọ títí wọn yóò fi ṣetán. Bí oyún bá sì dé, kí wọ́n tètè wá, torí aspirin díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, a máa dín ewu rẹ̀ kù, wọn yóò sì máa wọn ìfúnpá lemọ́lemọ́. Ọ̀gá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá nílé. Agbẹ̀bí yẹn ló kọ́ ọ bó ṣe ń lò ó.

Ní ẹ̀ka tiwa, nígbà tí ọmọ bá kú sínú báyìí, a máa ń kọ nọ́ńbà fóònù bàbá sílẹ̀ lọ́tọ̀. A máa ń bi í, kó tó buwọ́ lu ìwé kankan, bóyá ó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, a sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé kò sí kánjú. Àwọn kan ní rárá, a kì í rọ̀ wọ́n. A máa ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Àwọn nọ́ọ̀sì yàrá ìrọbí ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, òótọ́ sì ni. Ìdí nìyẹn tí ìpè fóònù fi jẹ́ ti wẹ́lífíà.

Gbèsè kọpọréètì Ọ̀gá ku oṣù mẹ́ta. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ìfúnpá lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ti ní òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.